Mo Ní Kí Ọkọ Mi Dúró, Bẹ́ẹ̀ Ọ̀nà Ṣófo

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má wá omijé lójú mi. Mo parọ́ fún ọkọ mi, irọ́ náà pẹ́, àṣírí mi sì tú lójú gbogbo ẹgbẹ́ wa. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò ní yọ ìkankan kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí pé màá kúnlẹ̀ níparí rẹ̀, kó yáa ṣí ojú ìwé mìíràn.

Hilary ni orúkọ mi. Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú débi pé ẹni tó bá gun àga ti gun òkè. Graham, ọkọ mi, ní mọ́tò asáré kan tó kéré bí àpótí, tí kò lórùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn gidi, tó sì fúyẹ́ débi pé ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e nílẹ̀. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́ lórí àwọn òkè Switzerland, àwa àti ẹgbẹ́ onímọ́tò asáré wa a ó kó mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover, a ó sì máa gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ lọ síbẹ̀.

Ìwúwo ni ọ̀tá ẹgbẹ́ wa. Graham máa ń fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn ẹrù mi ká tó jáde nílé. Ó ti gé ìdajì ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi dànù rí. "Orí rẹ̀ leyín ń lò," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni mo pè é nígbà yẹn.

Nílẹ̀ wa, ọwọ́ òsì là ń gbà lójú títì, apá ọ̀tún sì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Bí a bá ti sọdá omi, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé ń gbà. Nítorí náà, bí Graham bá wà lẹ́yìn tírélà, ìdí tírélà nìkan ló ń rí. Èmi tí mo jókòó lápá òsì ni mo lè yọjú wo iwájú. Èmi ni mo ń sọ fún un pé "Lọ", kó ya tírélà sílẹ̀, tàbí "Dúró", kó máa rọra tẹ̀lé e. Bí mo bá ní kó lọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á yọ síta láìrí nǹkan kan, á fi ẹ̀mí àwa méjèèjì lé ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

"O ṣeun, ojú mi," bẹ́ẹ̀ ni á wí lẹ́yìn tírélà kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjìlélógún ló fi pè mí bẹ́ẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa a máa jowú mi. "Hilary, ìwọ ti rí ayé," ni wọ́n ń wí. Ayé wo? Ìdí tírélà ni mo rí. Àwọn òkè tí àwọn ẹlòmíràn ń fi owó ọdún kan wá wò, ẹ̀gbẹ́ etí mi ni wọ́n ń fò gbà kọjá.

"Graham, jọ̀ọ́, dúró níbi omi tó ń já wálẹ̀ yẹn."

"A ó rí òmíràn níwájú."

"Graham, wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sórí àpáta yẹn."

"Trevor á ti ya fọ́tò rẹ̀. A ó wò ó nílé."

Trevor Pask ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó máa ń gbá tẹ̀lé e nínú ọ̀wọ́ mọ́tò wa. Graham ló ń ṣíwájú, Trevor ló ń tẹ̀lé e, gbogbo àwọn tó kù á sì tò sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣíwájú kì í dúró wòran. Iyì rẹ̀ nìyẹn, mo sì bá a jẹ iyì náà títí tó fi sú mi.

Èṣí ni mo kọ́kọ́ parọ́. A wà lórí òkè Jura, katakata kan tó fa koríko gbígbẹ wà níwájú wa. Lápá òsì, pápá kan tẹ́ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àfonífojì, àwọn obìnrin mẹ́ta wọ fìlà koríko, wọ́n ń kó koríko jọ, ọ̀kan nínú wọn sì ń jó. Ó ń jó fúnra rẹ̀ láàárín pápá, àwọn tó kù ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n lọ?" Graham bi mí.

Mo yọjú. Ọ̀nà ṣófo títí ojú mi fi mọ. Mo la ẹnu láti ní kó lọ.

"Dúró," ni mo wí. "Ọkọ̀ ń bọ̀."

Ó dúró. Mo wo ijó obìnrin yẹn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó fi jókòó sórí koríko. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kó lọ.

"O ṣeun, ojú mi."

Ta ló ní irọ́ kì í dùn? Èyí dùn mọ́ mi dé eegun. Ẹni tó bá sì ti ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ọkọ̀ elépo, mo wo oko àjàrà. Lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fa ilé àgọ́, mo wo àwọn ewúrẹ́ òkè tó ń gun ògiri ìsédò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó, mo wo adágún kan láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

Mo di ọ̀gá nínú rẹ̀. Mo ń fi iyọ̀ sí i. "Alùpùpù ni, wọ́n pọ̀, dúró." "Ọlọ́pàá ni, rọra." Graham á fa jíà wálẹ̀, á dúró bí ọmọ ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ìrìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò dúró de wa. Trevor bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sílẹ̀, àwọn tó kù náà tẹ̀lé e. Bí a bá dé ibi tí a ti ń mu kọfí, ife wọn ti gbẹ.

"Graham, ṣé o dúró bímọ lọ́nà ni?" Trevor á bi í.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," Jocelyn ìyàwó rẹ̀ á dá sí i. "Lọ́la a ó yá màlúù kan, kó máa fà á bọ̀."

Graham á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á pọ́n. Èmi á máa po kọfí mi.

Nígbà òtútù, ó wọ inú gáréèjì lọ. Ó ní mọ́tò ti wúwo. Ó yọ kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sí wa lẹ́sẹ̀. Ó yọ tìmùtìmù abẹ́ ìdí mi, ó fi fóòmù pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Irọ́ tèmi ló wúwo, èmi náà sì ni òtútù rẹ̀ mú. Mo fara mọ́ ọn. Mo ní ohun tí mo ń rà.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà ní oṣù kẹfà ọdún yìí. A wà nínú ọkọ̀ ojú omi, Dover ń kéré lẹ́yìn wa. Graham ń fi ṣíbí ro tíì tí kò fi ṣúgà sí.

"Trevor ni kó máa ṣíwájú láti ọdún tó ń bọ̀," ó wí.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nínú mi mọ́, Hilary. Mo ti yọ gbogbo ohun tó ṣeé yọ lára mọ́tò yẹn. Èmi ló kù. Tí a bá padà délé, màá tà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọkùnrin yìí gbà pé òun ti di arúgbó, èmi tí mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Mo tún pa á dé. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo ti padà sẹ́yìn tírélà títí ayé nìyẹn. Ẹ pè mí ní ìkà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó sé mi lẹ́nu nìyẹn.

Ó ní òun yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ Trevor pé kó fi kámẹ́rà kékeré rẹ̀ mọ́ irin tó wà lẹ́yìn orí wa, kí àwọn lè mọ ibi tí òun ti ń fà sẹ́yìn.

"Kí ni kámẹ́rà náà máa ń wò?" mo bi Trevor.

"Ọwọ́ Graham lórí sítíárìn. Ọwọ́ awakọ̀ kì í parọ́."

Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, mo búra fún ara mi pé lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni màá sọ. Mo sì sọ ọ́. Gbogbo òwúrọ̀, "Lọ" lọ́tùn-ún, "Lọ" lósì. Graham ń súfèé. Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà fẹ́ máa dùn, títí a fi bá ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan pàdé ní ọ̀nà orí òkè Susten.

Lókè wa, omi dídì kan so rọ̀ láàárín òkè méjì. Àwọ̀ rẹ̀ kò jọ àwọ̀ tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń kán sínú adágún kékeré kan nísàlẹ̀, adágún náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ta mọ́tò kò ní gba ibẹ̀ mọ́. Èyí tí mo bá rí lónìí ni mo rí.

"Ṣé kí n lọ?"

"Dúró," mo wí. "Ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n tò."

Òtẹ́ẹ̀lì wa ní Andermatt ní yàrá ìjẹun kan tí wọ́n fi pákó ṣe látòkè délẹ̀. Kí oúnjẹ tó dé, Trevor so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Gbogbo ẹgbẹ́ yí àga padà. Graham jókòó síwájú bí aláìsàn tó ń retí dókítà.

Kì í ṣe ọwọ́ Graham ni mo rí. Apá òsì ni wọ́n so kámẹ́rà náà mọ́, lókè orí mi gan-an. Ohun tí èmi ń rí ni òun náà rí. Ìdí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì, títì tẹ́ lọ gbọọrọ, ó mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Ṣé kí n lọ?" ni ohùn Graham wí nínú tẹlifíṣọ̀n.

"Dúró. Ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n tò."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Títì yẹn kò ní kẹ̀kẹ́ kan lórí. Ó pẹ́. Ẹ̀rín náà kú fúnra rẹ̀.

"Dúró díẹ̀ sí i. Ọ̀kan tún kù," ni ohùn mi wí. Ohùn náà dùn, ó balẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni, "Ó yá, lọ."

"O ṣeun, ojú mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni ojú tì mí. Kì í ṣe nítorí irọ́ náà. Ọpẹ́ yẹn ni.

"Hilary," Jocelyn wí, "mọ́tò wo lo rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ṣíbí àti fọ́ọ̀kì mi.

"Dá a padà, Trevor," Graham wí.

"Graham, jẹ́ ká jẹun ná."

"Mo ní kó o dá a padà."

Trevor dá a padà. Graham tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dìde, ó ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wàràkàṣì yíyọ́ bọ̀ ni.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a," Jocelyn wí bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ náà, kí lo rí láti ọdún tí o ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trevor?" mo bi í. Ó wo àwo rẹ̀.

Mo bá Graham nídìí mọ́tò.

"Láti ìgbà wo?"

"Èṣí. Láti Jura."

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi ẹ̀mí mi sí ọ lẹ́nu, Hilary."

"Ẹ̀mí rẹ bọ́ ni? 'Dúró' ni mo fi parọ́. Mi ò fi 'Lọ' parọ́ fún ọ rí, mi ò sì ní fi í parọ́ láé."

"Irọ́ nirọ́ ń jẹ́."

"Òótọ́ ńkọ́? Mo sọ òótọ́ fún ọ. Mo ní dúró níbi omi yẹn. Mo ní dúró níbi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. O ò dúró rí. Ìgbà tí mo parọ́ lo dúró."

"Mo fẹ́ ta mọ́tò yìí!" Ìgbà àkọ́kọ́ tó pariwo nìyẹn. "Mo rò pé ọwọ́ mi ti kú. Òru ni mo ń jí, mo ń wo ọwọ́ mi. O mọ̀, o sì dákẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìyẹn, mo bẹ̀ ẹ́ gan-an, mo fọwọ́ kàn án. Ó yí apá rẹ̀ kúrò.

"Lórí irọ́ tó kù ńkọ́?" ó bi mí.

"Èyí tó kù, rárá."

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, mọ́tò ti lọ. Ìjókòó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì olùgbàlejò. Graham ti tú nọ́ọ̀tì àti bóòtù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi í síbẹ̀ bí ẹni fi agboòrùn sílẹ̀. Ọmọbìnrin olùgbàlejò kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.

"Màmá, ọkọ yín ní... ó ní kí mọ́tò lè fúyẹ́."

"Ó ṣeun," mo wí. Mo gbé ìjókòó mi sábẹ́ apá, mo gbé báàgì mi, mo kọrí síbi tí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè ti ń gbéra lọ sí òkè Furka, ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wa máa gbà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó lé mi kúrò lórí ìjókòó, ìjókòó ọ̀hún tèmi ni. Mi ò ní fi í sílẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì.

Obìnrin ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ó wo ẹrù mi láti òkè délẹ̀.

"Màmá, ìjókòó wà nínú bọ́ọ̀sì wa o."

"Mo mọ̀. Mo gbé tèmi dání ni."

"Ṣé ó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Kò wúwo tó bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e sẹ́yìn òun, kó má baà ṣubú lu ènìyàn. Mo jókòó síwájú pátápátá. Láti orí bọ́ọ̀sì yẹn, mo rí gbogbo Furka. Mo rí i láì parọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì fẹ́ kí inú mi dùn sí i ju bó ṣe dùn lọ.

Ìdajì òkè la dé tí mo fi rí i níwájú. Ọkọ̀ ńlá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú ń ra gùn lọ, mọ́tò kékeré tiwa sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni lápá òsì. Graham ń na ọrùn, kò rí nǹkan kan. Ó yọ imú mọ́tò síta díẹ̀, ó tún fà á wọlé. Ó yọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún sá padà. Mo mọ ìwà yẹn. Sùúrù rẹ̀ ti ń tán.

Láti ibi gíga tí mo wà, mo rí ohun tí òun kò lè rí. Àwọn alùpùpù ń yí kọ́nà bọ̀, wọ́n pọ̀, eré ni wọ́n ń sá.

Graham yọ síta pátápátá.

"Dúró!" mo ké. Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Awakọ̀ wa tẹ fèrè, fèrè olóhùn mẹ́ta tí gbogbo òkè mọ̀. Graham já mọ́tò padà wọlé, táyà rẹ̀ gé etí koríko, alùpùpù àkọ́kọ́ sì fẹ́ẹ̀ gé e lápá. Mo dìde, mo di irin iwájú mi mú títí a fi dé orí òkè.

Graham ti dúró síbi ìgbọ́kọ̀sí lókè. Ó jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn, kò pa á. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó mi.

"O wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn," ó wí.

"Mo wà nínú rẹ̀."

"Mi ò rí nǹkan kan, Hilary. Láti Andermatt, mi ò rí nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Báyìí náà ni mo ṣe wà fún ọdún méjìlélógún."

Ó pa mọ́tò, ó lọ gbé sípánà.

"Fi í sílẹ̀ ná," mo wí. "Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, màá sọ fún ọ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Tí ọ̀nà bá dára, màá ní kó o lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní 'Dúró' nìkan, tí mi ò fi nǹkan kan kún un, tèmi nìyẹn. O ò ní bi mí ní ìdí rẹ̀."

"Trevor á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kó máa ṣe é. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì mọ́ tó o máa yọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "O ò sì ní bẹ̀ mí lórí omi dídì yẹn?"

"Láéláé."

Ó wo ọ̀nà tí a gbà wá, ó wo èyí tí a máa gbà lọ. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtù ìjókòó mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, tí ẹ ń wo ọ̀nà fún un, ẹ̀kọ́ tí mo ní fún yín kò ju èyí lọ: ẹ má parọ́ bíi tèmi, ẹ tètè jà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ pẹ́ jù, mo sì fẹ́ẹ̀ fi ìdákẹ́ náà ba ọkọ mi jẹ́. Ohun tí mo kábàámọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fi ojú mi rí, mi ò kábàámọ̀ ìkankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ dé àfonífojì, a bá tírélà kan tó kó igi gẹdú. Lápá òsì, odò Rhône ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú yìnyín, ó funfun bí omi ògì, ó ń fò lórí òkúta gba ìsàlẹ̀ àwọn ilé onígi dúdú.

"Ṣé kí n lọ?"

Mo yọjú.

"Dúró," mo wí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè pẹ́dàlì. Ó yíjú wò mí, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ ọ́. Ó fa jíà wálẹ̀, ó dúró sẹ́yìn tírélà yẹn, mo sì ń wo odò mi. Ọ̀nà ṣófo títí dé òpin, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.